Aládùúgbò Ló Ń Júwe Ilé: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Títú Àdììtú Kánjì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Mo kí ẹ̀yin àgbà tí ẹ jókòó níwájú, mo sì kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí. Kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo òkúta tí mo yà sójú pátákó yìí.

Ìlú Kyoto ni òkúta náà wà, ní ilẹ̀ Japan, nínú ọgbà tẹ́ńpìlì àwọn ẹlẹ́sìn Búdà tí wọ́n ń pè ní Ryōan-ji. Ó rí roboto bí owó bàbà àtijọ́. Wọ́n gbẹ́ ihò onígun mẹ́rin sí àárín rẹ̀, omi sì wà nínú ihò náà kí àlejò lè fi ṣan ọwọ́. Wọ́n wá fín àmì mẹ́rin yí ihò náà ká: 五 lókè, 隹 lápá ọ̀tún, àwọn ìlà kan tó fara jọ 疋 nísàlẹ̀, àti 矢 lápá òsì. Bí ẹ bá kà wọ́n bí wọ́n ṣe dúró yẹn, wọn kò sọ nǹkan kan. Márùn-ún, ẹyẹ, ìlà tí kò dá dúró, ọfà. Ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí ni.

Ṣùgbọ́n ihò yẹn gan-an ni àmì karùn-ún. Bí wọ́n ṣe ń kọ ẹnu ní Japan nìyí: 口, onígun mẹ́rin kékeré. Ẹ mú ẹnu yẹn, kí ẹ so ó mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. 五 gba ẹnu sábẹ́, ó di 吾, “èmi”. 隹 gba ẹnu sí òsì, ó di 唯, “nìkan”. Ti ìsàlẹ̀ gba ẹnu sórí, ó di 足, tí í ṣe ẹsẹ̀, tó sì tún ń sọ pé nǹkan tó. 矢 gba ẹnu sí ọ̀tún, ó di 知, “mọ̀”. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òkè, kí ẹ sì yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí: ware tada taru o shiru. Ohun tó ń sọ ni pé, “Mo mọ̀ pé èyí tí mo ní tó mi.”

Omi ló kún ibi tí ìdáhùn wà. Ẹni tó bá fẹ́ bu omi náà ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ yóò sì bọ́ sínú ihò kó tó rí ọ̀rọ̀ yẹn kà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣàlàyé òkúta yìí fún mi ni mo ti mọ̀ pé mo ní láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tú irú àdììtú báyìí.

Ohun tí mo bá wá síbí lónìí kò ju ẹyọ kan lọ. Kánjì kan, ìyẹn irú àmì tó wà lára òkúta yẹn, kì í sábà ní ohùn kan ṣoṣo, kì í sì í sábà ní ìtumọ̀ kan ṣoṣo. Àwọn tó bá yí i ká ló ń sọ ohùn tí yóò fọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ tú àdììtú kánjì, kó lọ bá àwọn aládùúgbò.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mọ kánjì, ẹ jẹ́ kí n yára sọ èyí. Oríṣi àmì ìkọ̀wé mẹ́ta ni wọ́n ń lò pọ̀ ní Japan. Hiragana àti katakana ń dúró fún ohùn, bíi ti ábídí wa. Kánjì ni ẹ̀kẹta, Ṣáínà ni wọ́n ti gbà á, ó sì ń dúró fún ohùn àti ìtumọ̀ pọ̀. 木 ni igi, 林 ni igbó kékeré, 森 ni igbó kìjikìji. 休, ènìyàn tó fara ti igi, ni ìsinmi. Láti ọdún 2010, 2,136 kánjì ló wà nínú ìwé tí ìjọba wọn fọwọ́ sí fún ìlò ojoojúmọ́. Ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń kọ́ 1,026 láàárín ọdún mẹ́fà, 80 péré sì ni ti ọdún àkọ́kọ́. Ẹ rántí 80 yẹn, nítorí mo máa padà sí i.

Ó dáa. Ní ọdún 708, ìjọba Japan gbé owó bàbà kan jáde tí wọ́n ń pè ní Wadōkaichin. Òun náà rí roboto, ihò onígun mẹ́rin wà láàárín rẹ̀, àmì mẹ́rin sì yí i ká. Títí di òní, àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí bí a ṣe ń pe èyí tó kẹ́yìn nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin; àwọn kan ní kaichin, àwọn mìíràn ní kaihō. Orúkọ owó yìí ni wọ́n fi sọ àdììtú kan tó gbajúmọ̀ gan-an lọ́dọ̀ wọn. Kánjì mẹ́rin yí ojúlé òfìfo kan ká. Ọfà ń fi ibi tí a ó ti máa kà á hàn. Kánjì kan ṣoṣo ni kí o fi sí àárín, kí ọ̀rọ̀ alámì-méjì mẹ́rin sì jáde. Ẹ wo ọ̀kan:

　　　歌
　　　↓
切 → □ → 紙
　　　↓
　　　首

歌 ni orin. 切 ni gígé. 紙 ni bébà. 首 ni ọrùn. Kí ló wà láàárín?

Ohùn ni akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ máa ń lé. Á máa pè é lábẹ́nu: uta, kiri, kami, kubi, kí ló bá wọn lọ? Bí èmi náà ṣe ṣe é fún ọ̀pọ̀ oṣù nìyẹn, ó sì já mi kulẹ̀, nítorí pé àmì àárín yìí kì í fọ ohùn kan náà nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó kọ́ mi ló sọ pé kí n gbé ohùn tì ná, kí n bi ara mi pé ta ni kò lọ́rẹ̀ẹ́ púpọ̀ nínú àwọn mẹ́rin yìí. Bébà lọ́rẹ̀ẹ́ rẹpẹtẹ, orin náà lọ́rẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan mélòó ló lè ṣíwájú ọrùn?

Ẹ̀yin Yorùbá tí ẹ wà níbí, ẹ dá mi lóhùn. Yàtọ̀ sí ènìyàn àti ẹranko, kí ló tún ní ọrùn? Mo gbọ́ ìgò. Mo gbọ́ ẹ̀wù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ tún un sọ kí gbogbo ilé gbọ́: ọwọ́! Ọwọ́ ní ọrùn, ẹsẹ̀ sì ní ọrùn. Ọrùn-ọwọ́, ọrùn-ẹsẹ̀. Bí a ṣe ń pè wọ́n nílé wa gan-an ni wọ́n ṣe ń kọ wọ́n ní Japan: 手首 ni ọrùn-ọwọ́, 足首 ni ọrùn-ẹsẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ló gbọ́ kò ní ohun tó máa fà á lọ síbẹ̀. Yorùbá ti mú yín débẹ̀ kí ẹ tó kọ́ ọ̀rọ̀ Japan kan.

Ó wá ku méjì, ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀. Ẹ fi wọ́n lọ àwọn yòókù. “Ẹsẹ̀-bébà” kò sí. “Ọwọ́-bébà”, 手紙, wà. Lẹ́tà tí à ń kọ síra wa ni. Orin pẹ̀lú ọwọ́, 歌手, ni akọrin. Gígé pẹ̀lú ọwọ́, 切手, ni sítáǹpù tí à ń lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ó bọ́ sí i. 手, ọwọ́, ni ìdáhùn. (Ẹni tó bá gbọ́ èdè Ṣáínà kó ṣọ́ra o: àmì méjì kan náà, 手紙, bébà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni lọ́dọ̀ tiwọn.)

Ìgbà yìí ni a tó lè pe ohùn. Kashu, kitte, tegami, tekubi. Nínú kashu, ọwọ́ ń jẹ́ shu, ohùn tí wọ́n gbà láti Ṣáínà pẹ̀lú àmì náà. Nínú àwọn mẹ́ta yòókù, te ló ń jẹ́, ọ̀rọ̀ tiwọn fúnra wọn fún ọwọ́. Bébà pàápàá tó ń jẹ́ kami tẹ́lẹ̀ ti di gami nítorí ẹni tó ṣáájú rẹ̀. Ká ní ohùn la fi bẹ̀rẹ̀ ni, ibo la bá dé?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti ń sọ nínú ara rẹ̀ pé kí ló dé tí wọ́n fi dá a rú tó báyìí. Ẹ ṣe sùúrù. Ẹ gbé ìwé ìròyìn Yorùbá tí wọn kò fi àmì ohùn sí, kí ẹ kà á sókè. “O gbe igba le ori.” “Igba naira.” “Igba ojo.” Àwọn lẹ́tà kan náà ni. Ojú yín ti yan igbá, igba àti ìgbà kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ yan nǹkan kan. Orí ló sọ fún yín pé igbá ni, náírà ló sọ fún yín pé igba ni, òjò ló sọ fún yín pé ìgbà ni. Iṣẹ́ tí ẹni tó ń ka kánjì ń ṣe nìyẹn láàárọ̀ àti lálẹ́. Tiwọn le ju tiwa lọ, torí pé gbogbo ọ̀rọ̀ ló ń yí padà, kì í ṣe ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ nìkan.

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo ohun tí mo máa sọ lónìí lọ. Inú àkójọ ìtàn kan tí wọ́n kọ ní sẹ́ńtúrì 13 ló wà, ọ̀rọ̀ Ọba Saga tó jọba láti ọdún 809 sí 823 ló sì dá lé. Ẹnìkan gbé pátákó kan sí ààfin, wọ́n kọ àmì mẹ́ta sí i: 無悪善. Àìsí, ibi, rere. Ọba pe ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Ono no Takamura, ó ní kó kà á. Takamura ní, “Kábíyèsí, mo lè kà á, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ń bà mí.” Ọba ní kó ṣáà kà á. Ó bá kà á: Saga nakute yokaran. Àmì ibi yẹn, 悪, ṣeé pè ní saga, orúkọ ọba gan-an. “Bí kò bá sí Saga, ìbá dára.”

Ọba ní, “Ta ló tún lè kọ ọ́ bí kò ṣe ìwọ?” Takamura ní ìdí tí òun kò fi fẹ́ kà á nìyẹn. Ọba wá bi í pé, “Ṣé ohunkóhun tí a bá kọ ni o lè kà?” Ó ní, “Ohunkóhun ni, Kábíyèsí.” Ni ọba bá mú gègé, ó kọ àmì kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀méjìlá:

子子子子子子子子子子子子

Ẹ dá a dúró níbẹ̀ ná. Ọmọ ni 子, ko ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n nínú orúkọ àwọn ọdún àti wákàtí àtijọ́, eku ló jẹ́, ne ni wọ́n sì ń pè é. Ohùn Ṣáínà rẹ̀ ni shi, tó lè rọ̀ di ji bí ó bá tẹ̀lé òmíràn. Ohùn mẹ́rin, ojúlé méjìlá, ẹ̀mí ọkùnrin kan sì wà lórí rẹ̀. Takamura wò ó, ó kà á:

Neko no ko no koneko, shishi no ko no kojishi.

“Ọmọ ológbò, ológbò kékeré, ọmọ kìnnìún, kìnnìún kékeré.” Neko ni ológbò, ne àti ko. Shishi ni kìnnìún, shi lẹ́ẹ̀mejì. No tó so wọ́n pọ̀ kò sí nínú ohun tí ọba kọ. Òǹkàwé ló mú un wá. Ẹ sì kíyè sí i pé inú àmì eku ni ológbò ti jáde. Ọba rẹ́rìn-ín, ó sì dá a sílẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ìtàn yìí wọ̀ mí lára ni pé gbogbo aládùúgbò ló ní ojú kan náà. Kò sí ẹni tó yàtọ̀ tí a lè bi léèrè. Takamura ní láti fi ohùn kan lọ èkejì títí wọn yóò fi di gbólóhùn.

Irú eré yìí ti wà ṣáájú rẹ̀. Man'yōshū, àkójọ ewì tó tó nǹkan bí 4,500, ti sẹ́ńtúrì 8 ni. Hiragana kò tíì dáyé nígbà náà, kánjì ni wọ́n fi ń kọ gbogbo ohùn èdè wọn. Nígbà tí akéwì kan fẹ́ kọ ohùn kuku, ó kọ 八十一, iye 81. Kí nìdí? Mẹ́sàn-án ń jẹ́ ku, mẹ́sàn-án lọ́nà mẹ́sàn-án sì jẹ́ 81. Títí dòní, kuku ni wọ́n ń pe táìmù tábù tí ọmọdé ń kọ́ sórí. Níbòmíràn, akéwì fẹ́ kọ “jáde”, 出, ó sì kọ 山上復有山: “lórí òkè, òkè tún wà.” Ẹ wò ó, 出 jọ 山 tó gun 山 lórí. Ní tòótọ́, ìpìlẹ̀ àmì náà kì í ṣe òkè méjì rárá, ẹsẹ̀ tó ń jáde ni. Ojú ni akéwì náà fi ṣeré. Àwọn bàbá wa tí wọ́n fi owó ẹyọ mẹ́fà pàrokò, kí ẹni tó gbà á lè gbọ́ ẹ̀fà kó sì mọ̀ pé ọkàn ẹni náà fà mọ́ òun, ìbá lóye akéwì yẹn láìjẹ́ pé ẹnìkan túmọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ọjà. Ní Edo, ìyẹn Tokyo àtijọ́, àwọn tó ń ta ọ̀dùnkún sísun máa ń kọ 八里半 síwájú ìsọ̀ wọn. Ri ni wọ́n fi ń wọn ọ̀nà, ọ̀kan fẹ́ẹ̀ tó kìlómítà mẹ́rin. Ri mẹ́jọ àtààbọ̀. Kí ló kan ọ̀dùnkún? Èso igi kan wà tí wọ́n fẹ́ràn, kuri lorúkọ rẹ̀, kuri sì tún jẹ́ ri mẹ́sàn-án. Mẹ́jọ àtààbọ̀ kò tó mẹ́sàn-án, ó kù díẹ̀: ọ̀dùnkún wa kù díẹ̀ kó dùn tó kuri. Àwọn mìíràn wá kọ 十三里, ri mẹ́tàlá. Yori ni “ju … lọ”, yo sì ni mẹ́rin. Kuri yori umai, “ó dùn ju kuri lọ.” Mẹ́sàn-án àti mẹ́rin, mẹ́tàlá.

Èyí tó tún le jùyẹn, tí ẹ ṣì lè rí ní ilé oúnjẹ wọn, ni 春夏冬二升五合. Ìgbà ìrúwé, ìgbà ooru, ìgbà òtútù, shō méjì, gō márùn-ún. Nínú ìgbà mẹ́rin ọdún, ọ̀kan kò sí níbẹ̀, ìgbà ìwọ́wé, aki. Aki nai, “aki kò sí”, akinai sì ni òwò. Ẹ rántí kóńgò tí àwọn ìyá wa fi ń wọn ìrẹsì: tiwọn ni masu, àpótí igi tó ń gba shō kan. Shō méjì jẹ́ masu, masu, masumasu sì ni “síi, síi”. Gō mẹ́wàá ló wà nínú shō, gō márùn-ún jẹ́ ààbọ̀ shō, hanjō, hanjō sì ni kí nǹkan gbèrú. “Kí òwò máa gbèrú síi.” Ohun tó dùn mọ́ mi jù níbẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ òwò gan-an kò sí lójú pátákó, àlàfo ìgbà tí wọn kò kọ ni ẹ ti máa rí i. Ihò òkúta Ryōan-ji tún ni.

Ọjọ́ orí àwọn àgbà náà ní tirẹ̀. Ẹni tó pé ọdún 88, wọ́n ń ṣe ayẹyẹ “ìrẹsì” fún un, nítorí pé 米, ìrẹsì, túká sí 八, 十, 八: mẹ́jọ, mẹ́wàá, mẹ́jọ, bí wọ́n sì ṣe ń kọ 88 nìyẹn. Ti ọdún 99 ni “funfun”. 百 ni ọgọ́rùn-ún. Ẹ yọ ìlà kan, ìyẹn 一, kúrò lórí rẹ̀, ó ku 白, funfun.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ kánjì díẹ̀ ń dúró de nankuro, mo mọ̀. Ó jọ crossword, ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè kankan nínú rẹ̀. Nọ́ńbà ló wà nínú ojúlé, nọ́ńbà kan sì dúró fún kánjì kan jálẹ̀jálẹ̀. Wọ́n lè fún yín ní méjì tàbí mẹ́ta láti fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ máa ń sáré sórí kánjì tí wọ́n fún wọn. Èmi rò pé nọ́ńbà tó pààrà nínú ọ̀rọ̀ kan náà ló yẹ kí a kọ́kọ́ wá. Bí ẹ bá rí 5, 12, 5, ẹ ronú sí 日曜日, ọjọ́ Àìkú: nichiyōbi, àmì ọjọ́ lókè àti nísàlẹ̀, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀ ní ibi méjèèjì. Tó bá jẹ́ òun lóòótọ́, ẹ ti rí 曜, àwọn ọjọ́ ọ̀sẹ̀ yòókù sì lè ti ibẹ̀ jáde. Bí ẹ bá rí 7, 3, 7, 9, ó lè jẹ́ 十人十色, “ènìyàn mẹ́wàá, àwọ̀ mẹ́wàá”, tí wọ́n fi ń sọ pé ìwà kò papọ̀. Ó sì lè jẹ́ 百発百中, “ọgọ́rùn-ún ìta, ọgọ́rùn-ún ló bà.” Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọ́, kí ẹ sì bi àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó gbàgbọ́.

Mo ní mo máa padà sórí 80 ti ọdún àkọ́kọ́. Ìdí ni pé kò dìgbà tí ẹ bá gbọ́ 2,136 kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. 大 àti 入 wọlé, 校 àti 生 jáde: kánjì ọdún àkọ́kọ́ nìkan ló wà níbẹ̀, ìdáhùn náà sì wà lára wọn. 学, ẹ̀kọ́: yunifásítì, ìwọlé sílé ẹ̀kọ́, ilé ẹ̀kọ́, akẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ ọdún méje lè tú u, ẹ̀yin náà sì lè tú u láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn, mi ò ní tú u fún yín.

　　　火
　　　↓
氷 → □ → 羊
　　　↓
　　　賊

火 ni iná. 氷 ni yìnyín. 羊 ni àgùntàn. 賊 ni olè. Iná pẹ̀lú nǹkan yìí ni ibi tí ilẹ̀ ti ń pọ iná sókè ọ̀run. Yìnyín pẹ̀lú rẹ̀ ni ohun tó máa ń léfòó lórí òkun níbi tí òtútù pọ̀, tó lè fọ́ ọkọ̀. Nǹkan yìí pẹ̀lú àgùntàn ni ewúrẹ́, ó sì pẹ̀lú olè, ó di adigunjalè tí ń dá ènìyàn lọ́nà. Ẹ má wá ohùn rẹ̀ o, nítorí ohùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló fọ̀ níbẹ̀. Àmì náà ti kọjá lójú yín lónìí, nígbà tí ọ̀kan gun èkejì lórí.